Ṣé dandan ni kí n gbé ọmọ mi lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kó tó lè kàwé?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́jọ. Ó ṣe CI, kíláàsì kìíní, lẹ́ẹ̀mejì, CP, kíláàsì kejì, náà ló tún ń ṣe lẹ́ẹ̀kejì yìí. Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn. Bó bá ń wo ẹnu mi, á dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dírẹ́tọ̀ ránṣẹ́ pè mí, ó ní, "Madámù, ọmọ yìí kì í ṣe tiwa. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwé adití ní Àjàṣẹ́." Ata ni mò ń tà lọ́jà. Mi ò ní ẹbí kankan ní Àjàṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ilé-ìwé ìjọba wà fún gbogbo ọmọ, ẹ wá dá mi lóhùn: ṣé òótọ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ rédíò lásán ni?

* * *

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ rédíò ló pọ̀ níbẹ̀, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Àjàṣẹ́ ni mo wà báyìí, CE1, kíláàsì kẹta, ni mò ń kọ́. N ò ní purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó di ẹrù ọmọ, ta ló ti wo etí rẹ̀ rí? Dírẹ́tọ̀ kì í ṣe dókítà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ, mi ò rí ibi tí ẹ ti dárúkọ ilé ìwòsàn. Ọmọ tó ń wo ẹnu kó tó dáhùn, ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sì lè jẹ́ pé etí rẹ̀ ló ń ṣọyún láti kékeré tí ẹnikẹ́ni ò kà á sí, tàbí kó jẹ́ pé ìdọ̀tí ló dí i. Mo ti rí ọmọ kan tí hóró àgbàdo wà létí rẹ̀ láti ìgbà ìkórè títí di ìgbà ọyẹ́. Gbogbo wa ti ń pè é ní olórí kunkun.

Ẹ sọ fún wa: ṣé etí rẹ̀ máa ń yọ omi tàbí ọyún? Ṣé ó ti ní yírùnyírùn rí, tàbí èéyi? Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé kò dáhùn? Bí etí bá sì ń ṣọyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òróró gbígbóná sí i, ẹ má da epo àtùpà sí i, ẹ má fún omi ọyàn sí i. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa gbà yín nímọ̀ràn yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.

* * *

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n ti gbà yín nímọ̀ràn òróró gbígbóná. Ẹ ṣeun o.

Mo ti ka gbogbo èsì yín láti àná. Ẹgbẹ́ méjì ló ń jà níbí, ẹgbẹ́ kẹta ń gbàdúrà.

Àwọn kan ní kí ìyá wa gbé ọmọ wá sí Louho, ní Àjàṣẹ́ níbí, pé ibẹ̀ làwọn tó mọ iṣẹ́ wà. Wọn ò jẹ̀bi. Ilé-ìwé tó wà ní Louho, tí adití àti ọmọ tó ń gbọ́rọ̀ ti ń jókòó pọ̀ nínú kíláàsì kan náà, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Kétu, ẹ ó gba Pobè, ẹ ó gba Sakété, kìlómítà tó ń lọ bí 100 ni kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ta ni yóò máa wẹ̀ fún un? Ọjà ata ọjọ́ mélòó ni ìyá rẹ̀ máa pa tì kó tó lè wá wò ó? Ẹni tó bá ń sọ pé "ẹ gbé e wá" kó fi kún un pé "ilé mi ni kó máa gbé."

Àwọn kejì ní ayé ti kúrò ní ilé-ìwé ọ̀tọ̀, pé láti ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Salamanca ní Sípéènì ní 1994 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé àdúgbò wọn, èyí tó ní àléébù ara àti èyí tí kò ní. Lóòótọ́ ni wọ́n fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú adití kan ṣoṣo, tó fi í sáàárín ọgọ́ta ọmọ níbi tí kò ti sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀, kò tíì gbà á sílé-ìwé. Bẹ́ǹṣì ló fún un.

Ẹnì kan nínú wọn sì kọ̀wé pé kò burú, "ọmọ náà á máa ka ètè olùkọ́." Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ lọ síwájú dígí. Ẹ pe "bàbá," ẹ pe "màmá," láìgbóhùn sókè. Ètè kan náà lẹ ó rí. Ẹ wá pe "ọkọ," "ọkọ́," "ọkọ̀." Ètè wo ló ń gbé ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀? Bí èdè abínibí tiwa bá rí báyìí lójú ẹni tí kò gbọ́ ọ, Faransé tí kò tíì mọ̀ rárá ńkọ́?

Ẹgbẹ́ kẹta, a ṣe àmín. Ẹ tún gbé e dé ọsibítù.

* * *

Ẹni tó béèrè pé "òfin wo lẹ ń sọ?": Òfin 2017-06, ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ló dá lórí ààbò àti ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní ilẹ̀ wa. Kí ìyẹn tó dé, a ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ wọn ní 2012. Òfin ìpìlẹ̀ 1990, abala 13, sì ti sọ tipẹ́ pé dandan ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn ò kọ "àfi adití" síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá wa, ẹ má fi òfin wọ ọ́fíìsì dírẹ́tọ̀. Ẹ fi "ẹ kú iṣẹ́" wọlé. Òfin á wà nínú báàgì yín, bó bá di pé ẹ nílò rẹ̀.

* * *

Bíríkìlà kan láti Ouando bínú sí mi. Ó ní a kàn ń sọ̀rọ̀ etí ṣáá, pé arọ ńkọ́, pé kí ìjọba mọ ráǹpù sí gbogbo ilé-ìwé, ìyókù á tẹ̀lé e.

Ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ yín lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ilé-ìwé kan wà tí mo ti kọ́ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n mọ ráǹpù sí i, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gé rìbọ́nì. Pèpéle kíláàsì ga tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ráǹpù tí wọ́n mọ gùn ní mítà kan. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: ọmọ tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ tó bá gun ibẹ̀, ẹ̀yìn ló máa yí dànù sí. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń lò ni pé bí ibi tí ẹ fẹ́ gùn bá ga ní ọ̀kan, kí ọ̀nà rẹ̀ gùn ní méjìlá. Sẹ̀ǹtímítà 30 wá di mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà 60. Sìmẹ́ńtì á pọ̀ sí i, mo gbà. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n mọ yẹn, ewúrẹ́ ló ń yáàrùn lórí rẹ̀ títí di òní.

Ohun tó wà lọ́kàn mi jù kì í tilẹ̀ ṣe ráǹpù. Ọmọbìnrin kan wà nílé-ìwé yẹn tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń gbé e dé kíláàsì, kò sí wàhálà. Mo wá ṣàkíyèsí pé kì í mumi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sáré lọ síbi pọ́ǹpù lásìkò ìsinmi, òun á jókòó. Bí wọ́n bá bu omi wá fún un, á fi ẹnu kàn án lásán. Oṣù méjì kọjá kí ó tó yé mi. Ilẹ̀kùn ṣáláńgá há, inú rẹ̀ tútù, ó dọ̀tí, ọwọ́ ni òun fi ń wọ́ nílẹ̀. Ọmọ náà ti rò ó pa pé bí òun ò bá mumi láti àárọ̀, òun ò ní nílò láti wọ́ wọ ibẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹta o. Ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Nítorí náà, bíríkìlà, bí ẹ bá rí owó sìmẹ́ńtì, ṣáláńgá ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, ilẹ̀ gbígbẹ, irin kan lára ògiri tí ọmọ lè dì mú.

* * *

Bàbá tó kọ̀wé láti Sábẹ̀, mo kí yín. Ẹ ní ọmọ-ọmọ yín jẹ́ àfín, pé ó wà ní CE2, kíláàsì kẹrin, pé olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni nítorí pé kì í da nǹkan kọ láti ojú pátákó.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò rí pátákó náà ni. Àwọ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ àfín, ojú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ojú wọn kì í ríran jìnnà, ó máa ń gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gún un. Ẹ wo ojú oòrùn tó ń ta lórí àwọn àpáta yín ní Sábẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ẹ wá ro ti ọmọ yẹn. Dígí ojú lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, kò lè wò ó tán. Ẹ bẹ olùkọ́ kó gbé e sí bẹ́ǹṣì iwájú, ṣùgbọ́n kó má ṣe sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kó jẹ́ kó dìde lọ síbi pátákó nígbà tó bá fẹ́, láìtọrọ àyè. Kí olùkọ́ máa ka ohun tó ń kọ jáde bó ṣe ń kọ ọ́. Èyí ò ná ẹnikẹ́ni ní fàráǹkì kan, àwọn ọmọ yòókù náà á jèrè rẹ̀. Fìlà abetí gbòòrò, aṣọ alápá gígùn, kí wọ́n má sì jẹ́ kó dúró pẹ́ nínú oòrùn tí wọ́n bá ń ta àsíá, nítorí àrùn jẹjẹrẹ awọ ara.

Ẹnì kan ti sọ lókè pé ẹni òrìṣà ni àfín, kí a má fọwọ́ kàn án. N ò ní bú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn baba wa ló ní Ọbàtálá ló mọ àfín, abuké àti arọ, pé ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, òun àti Òrìṣà ni. Ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fìyà jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ̀ Òrìṣà bá wá di pé a fi ọmọ sílẹ̀ ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, tí ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tó rí, Òrìṣà kọ́ la bọ̀wọ̀ fún.

Èyí tí wọ́n tún ń sọ pé àfín kì í jẹ iyọ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Oúnjẹ ilé-ìwé tí wọ́n ń sè fún gbogbo wọn ni kó jẹ.

* * *

"Ẹ̀yin àgbà, ọmọ 68 ló wà níwájú mi. *Aspirant* ni mí, olùkọ́ tí wọn ò tíì gbà síṣẹ́ títí lọ, mi ò mọ ibi tí wọn ó gbé mi sí lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní èdè adití, kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìwé afọ́jú. Ẹ wá ń di gbogbo ẹrù lé mi lórí. Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

Àbúrò, ìwọ lo sọ̀rọ̀ jù nínú gbogbo wa. Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o lọ kọ́ èdè ọwọ́ lálẹ́ nígbà tí o bá ti máàkì ìwé 68 tán. Ìwé afọ́jú náà kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ lọ́sẹ̀ kan. Ẹni tó bá fi wàláà àti abẹ́rẹ́ kọ ọ́, láti ọ̀tún ló ti ń gún un lọ sí òsì, lódìlódì, nítorí pé ẹ̀yìn bébà ni ọmọ máa fi ìka kà. Iṣẹ́ ni, ẹni tí wọ́n fi kọ́ ni kó ṣe é.

Jẹ́ kí n sọ fún ọ ohun tí èmi náà ṣe, kò dùn ún gbọ́.

Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Mo ní ọmọbìnrin kan ní CE1. Ìwé rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo kíláàsì lọ. Ohun tí mo bá kọ sójú pátákó, á dà á kọ bí ẹni tẹ̀ ẹ́ nínú ẹ̀rọ. Bó bá di *dictée*, ìyẹn àpèkọ, òfo. Ọ̀rọ̀ méjì, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan. Mo ní ó ń fi mí ṣeré ni. Mo nà án. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọkùnrin tó ń jókòó tì í ló sọ fún mi ní oṣù kejì ọdún: "Olùkọ́, tí ẹ bá wà lápá ibí yìí, kò gbọ́ yín." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló rí ohun tí èmi tí mo kàwé ò rí.

Mo gbé e síwájú. Mo kọ́ láti máa pe orúkọ rẹ̀ kí n tó bi í ní nǹkan. Mi ò kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ọdún tó parí, *dictée* rẹ̀ ti ń gba mẹ́fà, méje nínú mẹ́wàá. Mo yọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Olùkọ́ tó gbà á ní CE2 gbé e sẹ́yìn nítorí pé ó ga. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ ni èmi, mo sì ti lọ. Ọmọ náà kúrò nílé-ìwé kó tó dé CM2, kíláàsì kẹfà. Mo pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó rán ṣòkòtò fún mi, kò gba owó.

Ṣé o rí i, àbúrò? Kò sí ráǹpù nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èdè ọwọ́, kò sí owó. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ náà, inú orí mi ló wà. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ, orí mi bá mi lọ. A ń jà lórí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ àti ilé-ìwé kan náà láti àná, bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ni ọmọ tó wà lọ́wọ́ wa ń padà sí òdo. Ìwọ tí o jẹ́ *aspirant*, tí wọn ó gbé ọ kúrò, gan-an ló yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Káyé kékeré kan, ìwé ìkọ̀wé lásán. Ọwọ́ ìyá ni yóò wà. Kí o kọ ibi tó yẹ kí ọmọ jókòó, bí wọ́n ṣe ń pè é, ohun tó ṣe dáadáa pẹ̀lú rẹ̀ àti èyí tí o gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́. Ojú ewé méjì lọ́dún tó. Ní Amẹ́ríkà, láti òfin 1975 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Òbí máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un wò. Tiwọn nípọn, àwọn lọ́yà wà níbẹ̀. N ò béèrè ìyẹn. Káyé ni mo ní.

* * *

Ẹnì kan dá mi lóhùn pé káyé yẹn á di àpá lára ọmọ, pé gbogbo olùkọ́ tó bá ṣí i á ti mọ̀ pé "oníṣòro" dé. Àníyàn gidi ni, èmi náà ti rí ọmọ tí orúkọ ìnagijẹ dé kíláàsì tuntun kó tó dé ibẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ní kó wà lọ́wọ́ ìyá, kó má wà nínú àpótí dírẹ́tọ̀. Ẹ má sì kọ orúkọ àìsàn sí i. Ẹ má kọ "adití." Ẹ kọ "ẹ dúró lápá òsì rẹ̀." Olùkọ́ ò lè fi gbólóhùn yẹn bú ọmọ. Yóò kàn dúró lápá òsì ni.

* * *

Ẹni tó ní kí wọ́n lé ọmọ oníwárápá kúrò nílé-ìwé kí itọ́ rẹ̀ má bàa ran àwọn tókù: wárápá kì í ràn. Itọ́ kọ́, ìmí kọ́, bẹ́ǹṣì kọ́. Bó bá gbé e, ẹ kó òkúta àti bẹ́ǹṣì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ dúró tì í. Bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, mo ń padà bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní "ẹni tí orí rẹ̀ ò gbé ìwé," Faransé ni kò gbọ́. Ọmọ tó dàgbà sí abà lẹ́yìn Kétu, Yorùbá nìkan ló gbọ́ títí ó fi pé ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n gbé e sí CI, gbogbo ayé yí padà sí Faransé. Mo mọ ọ̀kan tí kò la ẹnu fún odidi tẹ́ẹ̀mù kan. Olùkọ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ pé odi ni. Mo gba ẹ̀yìn ilé-ìwé kọjá lọ́jọ́ kan lásìkò ìsinmi, mo gbọ́ tí odi wa ń pa àlọ́ ìjàpá fún ogún ọmọ, tó ń gbe orin rẹ̀, tí wọ́n ń gbè é. Ó tilẹ̀ ń fi ohùn olùkọ́ rẹ̀ ṣe ohùn ìjàpá.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò fífi èdè ilẹ̀ wa kọ́ni ní àwọn ilé-ìwé kan ní 2013, Yorùbá sì wà nínú èdè mẹ́fà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìbá dára kó ti dé ibi gbogbo. Kó tó dé, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó pe ọmọ ní ohunkóhun, ẹ fi èdè ìyá rẹ̀ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ Gùn ló ń sọ nílé, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Gùn.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ adití, nítorí pé ẹnì kan kọ̀wé sókè pé "adití kì í sáà kàwé débi kankan, kí a má fi àkókò ṣòfò." Andrew Foster, ọkùnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, yírùnyírùn di etí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11. Ó gboyè yunifásítì ní 1954. Òun ló wá dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, tó sì dé Ìbàdàn ní 1960. Adití ló gbé ilé-ìwé wá fún adití ní ilẹ̀ adúláwọ̀ tiwa níbí. Ẹ̀yin tí etí yín là, mélòó lẹ dá sílẹ̀?

* * *

Ìyá wa ti padà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò rí i: wọ́n gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Tuesday. Etí ọ̀tún ti ń ṣọyún láti bí ọdún mẹ́rin, awọ inú rẹ̀ ti lu, ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀ kéré gan-an. Etí òsì ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò dá ṣáká. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ní Kútọnu. Ìyá ní dírẹ́tọ̀ ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ lọ. Kí omi má wọ etí yẹn o. Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ fi òwú tí ẹ fi fasilínì pa dí i, kò sì gbọdọ̀ bá àwọn ọmọ lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò. Ẹ lo oògùn náà tán, bí ọyún bá tilẹ̀ dá lọ́jọ́ kẹta.

Ní ti dírẹ́tọ̀, mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe ìkà. Ó gbọ́ "adití," ó rò pé wọ́n fẹ́ kí òun máa fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn dání. Ẹ sọ fún un pé etí kan ń gbọ́, pé àyè ìjókòó lẹ wá tọrọ. Bẹ́ǹṣì iwájú, lápá ọ̀tún kíláàsì bí ọmọ bá kọjú sí pátákó, kí etí òsì lè kọjú sí olùkọ́ àti sí àwọn ọmọ yòókù. Ọ̀pọ̀ ló máa ṣe èyí lódì, wọ́n á ní "etí òsì ló dára, ẹ gbé e sápá òsì," etí tó dára á wá kọjú sí ògiri. Kí olùkọ́ má máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Kí ọmọ kan tó lójú àánú jókòó tì í, tí yóò máa fọwọ́ kàn án bí wọ́n bá pè é. Kí wọ́n má sì jẹ́ kó tún CP ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Kì í ṣe CP ni kò mọ̀.

Ohun kan tó kù, mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi nǹkan pa mọ́. Bí àyẹ̀wò Kútọnu bá sọ pé etí òsì náà ń lọ, n ò ní sọ fún yín pé kí ẹ jókòó sí Kétu nítorí pé òfin wà lẹ́yìn yín. Èdè ọwọ́, ẹnì kan kì í dá a sọ. Ọmọ nílò ẹgbẹ́ tó ń sọ ọ́, tó ń fi ṣeré, tó ń fi jà. Nígbà yẹn, Louho ni, a ó sì jọ wá ibi tó máa gbé. Èmi àti ìyàwó mi ti sọ ọ́ lálẹ́ àná. Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ wa, ọmọ wa kejì ti lọ sí Abomey-Calavi. Ẹ kọ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ nọ́ńbà yín síbí.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ra káyé. Ẹ ní ẹ ò mọ Faransé kọ, kò burú, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ọmọ aládùúgbò tó wà ní CM2 kọ ọ́. Ojú ewé kìíní:

"Etí òsì ló fi ń gbọ́. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó bi í. Tó bá rẹ́rìn-ín tó sì mi orí, kò túmọ̀ sí pé ó gbọ́. Ẹ ní kó sọ ọ́ padà."

Ọjọ́ wo ni dírẹ́tọ̀ ní kí ẹ wá?